Ṣé ó yẹ kí wọ́n tún máa ṣe àwọn ìbọn ìléwọ́ onírin tí wọ́n ti pa tì?

Ọmọ Odògbolú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ àwòrán Ojúde Ọba ni mo kó wá síbí, kí àwọn tó fẹ́ wo ẹṣin àti aṣọ lè rójú wò ó. Ẹnì kan rí àwọn ìdílé Balógun tí wọ́n ń yìnbọn lórí ẹṣin, ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní irin ni wọ́n ń pè ní ìbọn, pé ike lásán ni ìbọn ìléwọ́ ayé ìsinyìí, kí àwọn ilé-iṣẹ́ padà sídìí èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa tì, ó nídìí.

Browning Hi-Power ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. John Browning ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ikú mú un ní 1926, Dieudonné Saive wá parí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìbọn FN lórílẹ̀-èdè Belgium, ó sì jáde ní 1935. FN dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2017. Kò pẹ́ sígbà náà ni Springfield Armory l'Amẹ́ríkà gbé SA-35 jáde ní 2021, Girsan ti Turkey gbé MCP35 jáde, FN fúnra rẹ̀ sì gbé High Power tuntun jáde ní 2022. Tiwa náà wà ńbẹ̀: NP1 tí DICON, ilé-iṣẹ́ ìjọba wa tó ń ṣe ohun ìjà, ṣe ní Kaduna, Hi-Power náà ni.

Ìbéèrè mi nìyí. Kí ló pa wọ́n gan-an? Àwọn tó padà wá yìí, ṣé àwọn náà ni àbí orúkọ wọn lásán? Ṣé ó sì yẹ kí DICON jí tirẹ̀ dìde? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀dí ẹ̀rọ ni mò ń bi o, kì í ṣe àwọn tó fi fíìmù mọ ìbọn.

Alábòójútó

Ẹ jẹ́ kí n tètè la ààlà kí ọ̀rọ̀ tó gbóná. Nínú òfin ìbọn ti 1959, Apá Kìíní ni ìbọn ìléwọ́ wà ní Nàìjíríà, láàárín àwọn ohun ìjà tí òfin kà léèwọ̀, àfi fún ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà tí ẹ rí l'Ójúde Ọba wà ní Apá Kẹta, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ, ìtàn, owó àti ìtọ́jú. Ẹni tó bá béèrè ibi tí wọ́n ti ń rà á, tàbí bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ nílé, màá pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, mi ò sì ní ṣàlàyé.

Ọmọ Ìpẹ́rù Òkè-Òkun

Owó ló pa wọ́n. Kì í ṣe pé irin burú.

Férémù Hi-Power àtijọ́, ìyẹn ara ìbọn tí ìdìmú wà lára rẹ̀, odidi irin tí ẹ̀rọ ńlá ti tẹ̀ ní gbígbóná ni wọ́n ń gbé sórí mílíìnì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin. Wọ́n á gé ojú ọ̀nà tí sílàìdì (irin òkè tó ń lọ tó ń bọ̀) ń rìn, wọ́n á gbẹ́ ihò mágásíìnì (àpò ọta), wọ́n á gbẹ́ ibi tí hámà (òòlù kékeré tó wà lẹ́yìn) ń gbé, wọ́n á lu ihò píìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n bá yí i padà lórí ẹ̀rọ láti gé ibòmíràn, owó ni, àyè àṣìṣe sì tún ni. Nígbà tó yá, FN pàápàá yí férémù náà sí irin dídà, nígbà tí wọ́n fẹ́ kó lè gba ọta .40 S&W tó le ju 9mm lọ. Ní 1982 ni àwọn ológun Austria gba Glock 17, tí férémù rẹ̀ jẹ́ ike. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ò ju bíi 34 lọ, férémù rẹ̀ sì ń jáde tán pátá láti inú mọ́ọ̀dù, ó ku kí wọ́n gé etí rẹ̀. Ẹni tó ń ta ìbọn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún fún ìjọba, ibẹ̀ ló ti ń jèrè.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo tún ń bẹ. Hi-Power òfìfo tó nǹkan bí 900 g. Glock 17 òfìfo, láìsí mágásíìnì, ò ju nǹkan bí 630 g. Ọta 9mm kan wúwo tó bíi 12 g. Ẹ rò ó pọ̀: Glock tó ti gbé mágásíìnì rẹ̀ pẹ̀lú ọta 17 wúwo tó Hi-Power tí kò ní ọta kankan nínú. Ọlọ́pàá tó ń dúró sójú títì láti òwúrọ̀ di alẹ́ mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn ológun Britain gbé Hi-Power sílẹ̀ fún Glock 17 ní 2013, àwọn ti Kánádà náà gbé tiwọn sílẹ̀ fún SIG P320.

Ó ku àwọn tó padà wá. SA-35 ló súnmọ́ ti àtijọ́ jù. $699 ni wọ́n dá lé e nígbà tó jáde, mágásíìnì rẹ̀ gba 15 dípò 13, ti àtijọ́ náà sì ń wọ inú rẹ̀. FN High Power ti 2022 ní tirẹ̀, $1,269, ọta 17, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì bá ti àtijọ́ mu rárá: mágásíìnì ò wọ̀ ọ́, ọ̀pá ìbọn ò wọ̀ ọ́. Ìbọn tuntun ni wọ́n fún lórúkọ bàbá.

Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó

Gbogbo ìyẹn dára, ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ohun tí ọmọ yẹn bi yín. Irin tó bá fọ́, a lè jó o. Ike tó bá fọ́ ńkọ́? Ààtàn ló ń lọ. Ìbọn onírin á sìn bàbá, á sìn ọmọ.

Ṣágámù Lẹ́ètì

Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ, ẹ má bínú, mo gbọ́dọ̀ tako yín níbẹ̀. Férémù ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jó bí ẹní ń jó géètì. Kí irin yẹn tó jáde ní ilé-iṣẹ́, wọ́n ti gbé e gbóná dé ìwọ̀n kan, wọ́n ti rì í sínú ọ́ìlì, wọ́n sì ti tún mú un gbóná lẹ́ẹ̀kejì ní ìwọ̀nba kó má baà gbẹ jù. Ẹni tó bá fi iná wẹ́dà kàn án ti ba iṣẹ́ yẹn jẹ́ lójú ibẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀. Apá kan á rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó á le gan gan, ibẹ̀ gan-an ni á sì tún ti sán. Kò ní hàn lójú, ọjọ́ tí wọ́n bá yìn ín ló máa hàn. Férémù tó bá sán, irin ni o, ike ni o, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbà tí ẹ dárúkọ irin, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ wa níbí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin àlòkù ní Ògijo, ọ̀pá kọ́ńkéré ni wọ́n ń ṣe. Àlòkù mọ́tò, páànù, ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú iná kan náà. Ìyẹn tó láti gbé ilé dúró. Irin tí wọ́n fi ń ṣe férémù àti sílàìdì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 4140, wọ́n mọ iye kábọ́ọ̀nù, kírómíọ̀mù àti molibídínọ̀mù tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé lórí iye yẹn ni wọ́n ti ń mọ ìwọ̀n iná tí yóò gbà. Bí iye yẹn bá ń yí láti ọ̀pá dé ọ̀pá, ẹ ò lè rí férémù méjì tó le bákan náà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ṣe ni ká kàn tún bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Kí a tó ka ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a ka irin ná.

Ohun kan tún wà tí àwọn olólùfẹ́ irin kì í fẹ́ gbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn onírin tó padà wá, ẹ̀yà kékeré bíi hámà àti ìkọ́ tó di hámà mú, kì í ṣe irin gígé mọ́. Lúbúlúbú irin ni wọ́n pò mọ́ ohun tó ń lẹ̀, wọ́n fún un sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n wá fi iná lé ohun tó ń lẹ̀ náà jáde títí irin á fi dì. Bó bá ń dì, á sún kì, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni á fi kéré sí mọ́ọ̀dù rẹ̀, nítorí náà ìṣirò mọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ pé. Èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa kò ní wàhálà. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá há sí nínú, ṣe ni á kán bí ẹní ṣẹ́ chalk. Ẹni tó bá ra ìbọn àtijọ́ tó padà nítorí pé ó fẹ́ irin àtijọ́, kó béèrè èyí kó tó sanwó.

Amórà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ṣágámù ti sọ tirẹ̀ tán, ó kù sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní àmọ́rì, yàrá tí wọ́n ń kó ìbọn sí.

Kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n tún máa ṣe Hi-Power bó ṣe wà, kó mọ ohun tó ń ṣe é. Àkọ́kọ́ ni séfútì tó wà nídìí tírígà, èyí tí kì í jẹ́ kí ó yìn bí mágásíìnì ò bá sí nínú. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé píìnì kékeré kan ń ti iwájú mágásíìnì, ó ń ha á ní gbogbo ìgbà tí ìka bá fa tírígà. Ìdí nìyí tí tírígà Hi-Power fi máa ń ṣe gbarara lọ́wọ́, òun náà ni kì í jẹ́ kí mágásíìnì já bọ́ fúnra rẹ̀ bí a bá tẹ bọ́tìnì. FN mọ̀, nítorí pé nígbà tó yá wọ́n so sípíríǹgì kan mọ́ ìdí mágásíìnì tí yóò máa ta á jáde. Àtúnṣe lórí àṣìṣe! SA-35 àti High Power tuntun yọ séfútì yẹn kúrò pátápátá, tírígà sì dára sí i lọ́gán.

Èkejì, hámà rẹ̀ máa ń bu àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá jẹ, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá nípọn. Ẹ̀kẹta, séfútì ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ kéré bí èékánná, ọwọ́ tó ti làágùn ò lè tì í. Ẹ̀kẹrin, ojú ìfojúsùn rẹ̀ kéré, nǹkan dúdú lórí nǹkan dúdú. Àwọn tó jáde ṣáájú 1962 tún ní ìkọ́ tó ń fa kòròfo ọta jáde nínú sílàìdì, tí ẹ kò lè rí láti ìta. Lẹ́yìn náà ni FN gbé ìkọ́ náà síta, èyí tó rọrùn láti yẹ̀ wò.

Èyí tó ń pa á ní tòótọ́ ni sípíríǹgì. Sípíríǹgì tó ń dá sílàìdì padà nínú Hi-Power jẹ́ ti ìwọ̀n 17, ti hámà jẹ́ 32, ìwọ̀n pọ́n-ùn ni mo ń sọ. Bí ti sílàìdì bá rọ̀, sílàìdì á máa fi gbogbo agbára gbá férémù lábẹ́, níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀pá ìbọn ti ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá tú u, ẹ wo irin ìdábùú tó wà níbẹ̀: bí etí rẹ̀ bá ti fẹ̀ bí orí èèkàn tí wọ́n ń fi òòlù lù, sípíríǹgì yẹn ti pẹ́ jù. Ọta tí wọ́n ṣe fún ìbọn arọ̀jò-ọta, tó máa ń gbóná ju èyí tó yẹ ìbọn ìléwọ́, ń mú ìyẹn yá. Lẹ́yìn náà ni férémù á sán. Àwọn èèyàn á wá ní irin àtijọ́ ò dára. Irú sípíríǹgì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló pa ìbọn olówó ńlá.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, ẹ̀yin tó jẹ́ iṣẹ́ yín. Mágásíìnì kọ́kọ́ jáde. Ẹ fa sílàìdì sẹ́yìn, ẹ dè é síbẹ̀, ẹ fojú wo ihò ọta, ẹ tún fi ìka kàn án, nítorí ojú máa ń purọ́ nínú yàrá tí iná ò ti mọ́lẹ̀. Ẹ wá gbé ẹnu rẹ̀ sókè, ẹ fa sílàìdì díẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì fọwọ́ dá a padà jẹ́jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ lọ tì pátá fúnra rẹ̀. Bó bá dúró lójú ọ̀nà, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí, ó lè jẹ́ sípíríǹgì, ẹ nu ún mọ́ ná kí ẹ tó dájọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ sílàìdì, tí ẹ yọ ọ̀pá ìbọn, ẹ mú ọta ìdánrawò tí kò ní ẹ̀tù, ẹ ti ìdí rẹ̀ sábẹ́ ìkọ́ tó ń fa kòròfo jáde. Ó yẹ kí ìkọ́ di í mú kó má já bọ́ bí ẹ bá rọra mì ín. Bó bá já bọ́, kòròfo ọta á máa há sínú ìbọn. Ní ẹ̀yìn sílàìdì, ẹ wo pátákó irin kékeré tó di abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta mú. Bó bá ń yọ̀ wálẹ̀, ẹ má gbé ìbọn yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Àti pé ẹ má da ọ́ìlì sínú ihò abẹ́rẹ́ bí ẹní ń bu epo sí ẹ̀wà. Ọ́ìlì á kó eruku pupa ilẹ̀ wa mọ́ra, á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, abẹ́rẹ́ á máa fọwọ́ kàn ọta lásán, kò ní ta á.

Ọmọ Odògbolú

Bàbá Amórà, ẹ ṣeun púpọ̀. Alumíníọ̀mù ńkọ́? Ẹnì kan ní níbẹ̀ yẹn pé Beretta 92 ni àárín méjì: irin ni, síbẹ̀ kò wúwo bíi Hi-Power.

Amórà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Kò wúwo bíi Hi-Power? Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. 92FS pẹ̀lú mágásíìnì òfìfo ń lọ sí nǹkan bí 950 g. Ó tóbi ni. Férémù rẹ̀ ni alumíníọ̀mù, sílàìdì rẹ̀ ni irin.

Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà pupa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀ líle tí wọ́n fi iná mànàmáná bò ó ló ń gbà á lọ́wọ́ irin tó ń gun orí rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọ̀ dúdú yẹn bá ti ṣí lójú ọ̀nà sílàìdì, tí fàdákà ń yọ, irin á máa jẹ ẹ́. Gírísì díẹ̀ lórí ọ̀nà méjèèjì, kì í ṣe ọ́ìlì tó ń ṣàn lọ, ni ìtọ́jú rẹ̀. Ohun tó sì máa ń kán jù nínú Beretta ni irin kékeré tó ń ti ọ̀pá ìbọn pa mọ́ sílàìdì. Ìyẹ́ méjì ló ní, ọ̀kan á ṣẹ́. Ẹ yí sípíríǹgì sílàìdì rẹ̀ padà bó bá ti yìn tó 5,000 ọta, ìyẹ́ yẹn á pẹ́. Ẹ ò yí i, á tètè lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tún rí èyí tó burú ju ìyẹn lọ. Wọ́n gba Beretta ní 1985 pẹ̀lú orúkọ M9, kò sì pẹ́ tí sílàìdì àwọn kan fi sán sí méjì, tí apá ẹ̀yìn fò lu ojú ẹni tó ń yìn ín. Àtúnṣe tí Beretta ṣe rọrùn: orí píìnì hámà di ńlá, ó sì ń wọ ojú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ sílàìdì, tó fi jẹ́ pé bí sílàìdì bá tilẹ̀ sán, kò ní lè fò kúrò. Ohun tó bí 92FS nìyẹn.

Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ti gbọ́ ti ìjó, Ṣágámù, mo gbà. Ṣùgbọ́n ike ò lè fara da oòrùn wa.

Ṣágámù Lẹ́ètì

Ó ń fara dà á, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ike àga tí ẹ ń gbé jókòó níbi òkú. Ohun tó yẹ kí a bá ike jà lórí ni ibi tí irin ti wọ inú rẹ̀. Sílàìdì Glock kì í gun orí ike, orí ègé irin kékeré mẹ́rin tí wọ́n dà mọ́ inú ike ló ń gùn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ tàbí tó bá ń mì, férémù yẹn ti parí. Ike tún máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ìbọn bá dún. Ẹni tó bá dì í mú wọ́ọ́wọ́ọ́, sílàìdì lè má rí agbára tó láti padà sẹ́yìn pátá, kòròfo á há. Irin tó wúwo kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí irin ti ṣẹ́gun nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Amórà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni kí a sọ, kì í ṣe oòrùn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ dé etí omi ní Ògùn Waterside, omi ló ń pa ìbọn. Irin aláwọ̀ dúdú bíi ti Hi-Power àtijọ́, bí òógùn bá kàn án ní òwúrọ̀ nígbà òjò, tí ẹ kò nù ún, ìpẹtà lè ti yọ lára rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ni abẹ́ pátákó ìdìmú, níbi tí ojú kì í dé: ẹ tú síkúrù méjèèjì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Àpò awọ ló tún burú jù. Awọ ń mu omi, ó ń mu òógùn, oògùn tí wọ́n fi ṣe awọ náà sì wà nínú rẹ̀. Ìbọn tó bá sun inú àpò awọ ní àmọ́rì á dípẹtà ní ẹ̀gbẹ́ tó kan awọ, idẹ ọta á sì so àwọ̀ ewé. Àpò awọ wà fún ìgbéra, kì í ṣe fún ìpamọ́.

Sílàìdì ìbọn onike náà, irin ni o. Òun náà ń dípẹtà bí ẹ ò bá tọ́jú rẹ̀, àmọ́ oògùn tí Glock fi bọ tirẹ̀ ń gbà á ju dúdú àtijọ́ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ férémù irin fún ilẹ̀ tó tutù báyìí, irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ béèrè, irú èyí tí Smith & Wesson fi ṣe 5906. Ìyẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀: irin tí kì í dípẹtà lórí irin tí kì í dípẹtà máa ń fa ara wọn ya, àfi tí wọ́n bá jẹ́ kí líle wọn yàtọ̀, kí ọ́ìlì sì wà láàárín wọn. Ó sì lé ní kílò kan láìsí ọta.

Agbẹjọ́rò Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń kà á bọ̀ láti òkè, ó sì dà bíi pé a ti gbàgbé ìbéèrè kẹta. DICON ti wà láti 1964. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2023 ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni láti bá a ṣiṣẹ́ pọ̀. Òfin ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ láti bá a dá okòwò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra á? L'Amẹ́ríkà, ará ìlú ló ń ra ìbọn àtijọ́ tó padà wá. Níbí, Apá Kìíní ni. Ìjọba nìkan ni oníbàárà. Ọjà tí oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí kì í sì í rà lọ́dọọdún, ṣé ó lè bọ́ irú ẹ̀rọ tí Ṣágámù ń kà sílẹ̀ yẹn?

Ọmọ Ìpẹ́rù Òkè-Òkun

Agbẹjọ́rò ti fọwọ́ kan egbò. Ẹni tó ń ra irin lónìí, eléré ìdárayá ni, tàbí ẹni tó ń kó ìbọn jọ. Ìwúwo tí ọlọ́pàá ń sá fún, òun ni eléré ń wá, nítorí pé ìbọn tó wúwo kì í ta lọ́wọ́. Ẹ wo CZ Shadow 2: irin ni, ó lé ní 1,300 g, wọ́n sì ń rà á bí ẹní ń ra àkàrà. CZ 75 tó bí i, 1975 ló jáde ní Czechoslovakia, irú rẹ̀ kò kúrò lọ́jà láti ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó ń pariwo pé kó padà.

Ẹ sì wo èyí tó padà tí kò rọ́jú dúró. SIG gbé P225 padà ní 2015, wọ́n pè é ní P225-A1. Ọta 8. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó P229 tó ń gba ọta tó pọ̀ jù ú lọ, kò sì pọ́ọ́kú. Àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un kò ra á tó, ó sì tún kúrò. Beretta ṣe é lọ́nà mìíràn. Nígbà tí wọ́n gbé Cheetah padà ní 2023, orúkọ rẹ̀ di 80X, wọ́n tún tírígà ṣe, wọ́n fún un ní ojú ìfojúsùn tuntun, wọ́n sì fi àyè sí abẹ́ rẹ̀ fún tọ́ọ̀ṣì. Colt náà, nígbà tí Python padà ní 2020 ní $1,499, ẹ̀yà inú rẹ̀ dín kù sí ti 1955, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn sí i.

Ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Irin ti padà tipẹ́. Smith & Wesson kò jí 5906 dìde; férémù alumíníọ̀mù ni wọ́n fi sábẹ́ M&P wọn ní 2023, èyí tó jẹ́ onike tẹ́lẹ̀, mágásíìnì ti onike sì ń wọ̀ ọ́. SIG ṣe bẹ́ẹ̀ sí P320, Walther ṣe bẹ́ẹ̀ sí tirẹ̀. Wọ́n mú ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́ lára ti àtijọ́, ìyẹn ìwúwo àti bó ṣe ń dúró lọ́wọ́, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Ọmọ Odògbolú

HK P7 ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ jù bí wọ́n bá ń ka àwọn tó yẹ kó padà.

Ọmọ Ìpẹ́rù Òkè-Òkun

Ìyẹn ò ní padà, àbúrò. 2008 ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìdìmú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fún kó tó lè yìn, ó rẹwà, ó sì máa ń bá ibi tí ojú ń wò. Ọ̀pá ìbọn rẹ̀ kì í mì. Àmọ́ gáàsì tó ń dá sílàìdì dúró ń wọ ihò kan tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, lókè tírígà gan-an. Yìn ún tó mágásíìnì bíi mélòó kan láìsinmi, iwájú tírígà á gbóná débi tí ìka ò ní gbà á. Gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ irin gígé. Bí wọ́n bá ṣe é lónìí bó ṣe wà, owó rẹ̀ á lé oníbàárà sá.

Amórà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Agbẹjọ́rò, èmi á dáhùn yín lórí DICON. Kí wọ́n má ṣe ìbọn ìléwọ́ onírin mọ́. Kí wọ́n ṣe sípíríǹgì. Kí wọ́n ṣe mágásíìnì, ìkọ́, abẹ́rẹ́ àti píìnì fún àwọn tó ti wà nílẹ̀. Ohun tó ń mú ìbọn jókòó sí àmọ́rì láìwúlò kì í sábà jẹ́ férémù. Ẹ̀yà kékeré tí kò sí, tí ẹnì kan wá yọ lára ìbọn mìíràn fi dí i, títí ìbọn méjì fi di ọ̀kan, tí mẹ́ta di ọ̀kan.

Ṣágámù Lẹ́ètì

Mo wà lẹ́yìn yín, bàbá. Sípíríǹgì ò nílò irin tí a ò ní: wáyà líle ni, a lè rà á wọlé ní ìdì, ẹ̀rọ tó ń ká a ò sì tó ìdá kékeré nínú owó mílíìnì tó ń gé férémù. Ohun tó le níbẹ̀ ni ìdánwò. Kí wọ́n máa fa díẹ̀ jáde nínú gbogbo ìdì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Sípíríǹgì tí wọ́n kọ 17 sí lára tó sì jẹ́ 13 burú ju àìsí lọ, nítorí pé amórà á gbà pé òun ti tún un ṣe.

Agbẹjọ́rò Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀gbọ́n Amórà, ìbéèrè kan péré kí n tó lọ. Mágásíìnì tí ẹ dárúkọ yẹn, ṣé òótọ́ ni pé bí ọta bá pẹ́ nínú rẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ á kú? Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń jáde nílé ẹjọ́ bí wọ́n bá ń wádìí ìbọn tó kọ̀ láti dún.

Amórà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Títẹ̀ àti títú léraléra ló ń mú un rẹ̀, ju pé ó dúró lójú kan lọ. Ohun tó ń mú kí ìbọn kọ̀ láti dún jù ni ètè mágásíìnì, ibi tí ọta ti ń yọ jáde. Bó bá já bọ́ lórí kọ́ńkéré, ètè á ṣí tàbí á sán ní igun ẹ̀yìn, ọta á wá gbórí sókè jù. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ wo igun méjèèjì. Ẹ tẹ pátákó inú rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ìka, ó gbọ́dọ̀ gòkè padà láìdúró lójú ọ̀nà. Bó bá ń dúró, ẹ tú u, ẹ nu inú rẹ̀ gbẹ, ẹ má fi ọ́ìlì sí i. Ẹ fi nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbọn tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀. Ẹ má dá a padà sínú àpótí kan náà pẹ̀lú àwọn tó dára.